Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi Tó Fẹ́ Gbá Gọ́ọ̀fù ní Scotland

Òkè-Ìlèwó,
Ìbarà, Abẹ́òkúta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,



Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mo gbọ́ ọ tán, mo tún un gbọ́, mo sì pe ìyàwó mi kó wá gbọ́ tirẹ̀. Ọmọ wa obìnrin ti parí ní Yunifásítì Dundee! Ọmọ tó máa ń sá tẹ̀ lé wa lórí pápá, tó máa ń bá wa wá bọ́ọ̀lù nínú igbó, òun náà ló fẹ́ gba oyè másítà nínú òfin epo rọ̀bì yìí. Ẹ kú oríire o. Oyè náà á mọ́ ọn lórí, Ọlọ́run á sì jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jẹun ọmọ pẹ́.

Ìwé tí o kọ tẹ̀ lé ohùn yẹn ni mo jókòó dáhùn lálẹ́ yìí. O ní ayẹyẹ náà bọ́ sí ọjọ́rú, ọjọ́ ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e lẹ ó wọkọ̀ òfurufú padà, o sì fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún àárín gbá gọ́ọ̀fù. O wá to orúkọ pápá sílẹ̀: St Andrews, Carnoustie, Kingsbarns, Gleneagles, Muirfield, North Berwick, Prestwick, Royal Troon, Turnberry, Royal Dornoch. O ní kí n yàn fún ọ nítorí pé mo ti débẹ̀ rí.

N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Fa ìlà sórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Má gbé ilé ìtura kan sílẹ̀ gbé òmíràn, má háyà mọ́tò. Dundee ni kí o fi ṣe ibùdó, kí o sì gbá kìkì ibi tí ọkọ̀ ojú irin tàbí bọ́ọ̀sì lè gbé ọ dé láàárín wákàtí méjì sí ẹnu ọ̀nà rẹ. Bí ọ̀kan nínú àwọn pápá yẹn bá sì wọ̀ ọ́ lójú, padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì dípò tí wàá fi máa wá òmíràn kiri. Ohun tí mo ní í sọ nìyẹn, àlàyé rẹ̀ ló kù.

Ìwọ wo àwòrán ilẹ̀ náà. Turnberry wà létí òkun ìwọ̀-oòrùn, nísàlẹ̀ Glasgow. Royal Dornoch wà lókè pátápátá, ó kọjá Inverness. Ẹni tó bá fẹ́ ti ọ̀kan dé èkejì, inú mọ́tò ni yóò ti lo ọjọ́ náà tán. O mọ̀ bó ṣe máa ń rí nígbà tí a bá jí ní ìdájí, tí a gba Ọ̀dẹ́dá kọjá lọ gbá ní Oníréke n'Ìbàdàn. Bí a bá fi máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn á ti le, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ á sì wọgbó lọ. Ìbàdàn lásán nìyẹn o, ibi tí a ti mọ gbogbo kòtò ojú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí òkè òkun, tí oorun ò ní í tíì dá lójú yín, ta ló fẹ́ wa ọkọ̀ lápá òsì títì fún wákàtí mẹ́fà nítorí ihò méjìdínlógún?

Láti Dundee, ọkọ̀ ojú irin ò lò tó ogún ìṣẹ́jú dé Leuchars, yóò gba orí afárá gígùn tó dábùú odò Tay kọjá. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bọ́ọ̀sì á gbé ọ láti Leuchars wọ ìlú St Andrews, òmíràn sì ń ti Dundee lọ síbẹ̀ tààrà. Bí o bá tún kọjú sí apá kejì, sí ìhà àríwá, Carnoustie náà ò tó ogún ìṣẹ́jú lórí irin, ibùdó rẹ̀ ò sì jìnnà sí pápá. Ìdí tí mo ṣe ní o ò nílò ibòmíràn nìyẹn. Ẹni tó bá dé ibi tí èyí tó dára jù lọ láyé ti yí i ká, kí ló tún ń wá lọ sí Troon?

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti St Andrews, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọkàn rẹ wà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ nípa Old Course ni pé ilẹ̀ ará ìlú ni. Kò sí ẹ̀ṣọ́ tó máa bi ọ́ léèrè pé ọmọ ẹgbẹ́ wo ni ọ́. Láti ọdún 1552 ni ìwé àdéhùn kan nígbà ayé bíṣọ́ọ̀bù àgbà John Hamilton ti gbà pé àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti máa gbá gọ́ọ̀fù lórí ilẹ̀ etí òkun yẹn. Lónìí, St Andrews Links Trust tí òfin ọdún 1974 dá sílẹ̀ ló ń bójú tó o fún ará ìlú. Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà dábùú ihò kìíní àti ìkejìdínlógún kọjá. Màmá tó gbé àpò ọjà lọ́wọ́ á dúró, á jẹ́ kí o gbá, á sì máa bá tirẹ̀ lọ sí etí òkun. Onígbàjámọ̀ tó gé irun fún mi nílùú náà sọ pé òun máa ń ti ṣọ́ọ̀bù òun ní ìrọ̀lẹ́, òun á gbé igi òun, òun á sì lọ gbá títí di alẹ́. Onígbàjámọ̀ o! Mo rò ó títí. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ gọ́ọ̀fù gbá ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, kádì ló jẹ́, àpò alápò ló sì ń gbé kọ́rùn. Inú mi kì í dùn sí èyí, ìwọ náà mọ̀. Ó wù mí kí o fi ojú ara rẹ rí i pé eré yìí lè jẹ́ ti gbogbo ìlú.

Bí o ṣe máa ríbi gbá níbẹ̀ rèé. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Kí aago méjì ọ̀sán tó lù lọ́jọ́ kejì ṣáájú ọjọ́ tí o fẹ́ gbá, wàá ti fi orúkọ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n á sọ àwọn tí kèké mú. Èèyàn méjì ló kéré jù nínú ìforúkọsílẹ̀ kan, nítorí náà, pe àbúrò ìyàwó rẹ tó ń gbé ní Peckham, kó wá bá ọ ní Dundee. Ó ti ń gbá dáadáa báyìí, mo gbọ́. Tí kò bá ráyè, wọ́n ní ti ẹni tó bá dá wá: wàá lọ síbẹ̀ fúnra rẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú, wàá fi orúkọ sílẹ̀, wọn á tún ṣẹ́ kèké tiyín lọ́tọ̀, ẹni tó bá mú ni wọ́n á fi kún àwọn tí kò pé mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀ rí, àárín òru làwọn èèyàn máa ń lọ tò síbẹ̀ nínú òtútù. Ọpẹ́ ni pé ìyẹn ti dópin láti ọdún 2024.

O gbọ́dọ̀ ní ìwé handicap, tó ń sọ bí o ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó, láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé kílọ́ọ̀bù wa kí o tó kúrò nílé, kí ó ní òǹtẹ̀, nítorí wọn á bèèrè. Owó gbígbá Old Course lásìkò oòrùn wọn ju £300 lọ fún ẹnì kan. Mo mọ̀ pé owó ńlá ni, pàápàá bí náírà ṣe wà yìí, mo sì ṣì sọ pé kí o san án bí kèké bá mú ọ, kí o wá rọra ná ti àwọn ọjọ́ yòókù.

Pápá náà ò ní dà bí ohunkóhun tí o gbá rí. Kò sí igi níbẹ̀. Wàá dúró sí ihò kìíní, ilẹ̀ á tẹ́ lọ salalu níwájú rẹ, kò sí ohun tó máa fi ibi tí ó yẹ kí o gbá sí hàn ọ́. Bọ́ńkà 112 ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni o ò ní rí títí bọ́ọ̀lù rẹ á fi wọ inú wọn. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíríìnì ihò kẹtàdínlógún, ògiri koríko rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mi láyà. Mo rí ọkùnrin kan tó kọ́kọ́ gbá síwájú, bọ́ọ̀lù padà wá bá a lẹ́sẹ̀. Ó tún gbá, ó tún padà. Ló bá yí ẹ̀yìn padà, ó gbá a gba ibi tó ti wọlé jáde. Gbogbo àwa tí a dúró létí títì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọgbọ́n ni. Rántí rẹ̀ bó bá kan ọ́.

Àwọn gíríìnì ibẹ̀ ńkọ́? Ihò mẹ́rìnlá ló ń pín gíríìnì lò ní méjì-méjì. Ìkejì àti ìkẹrìndínlógún jọ wà lórí ọ̀kan, ìkẹta àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún lórí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ títí, bí o bá sì ro nọ́mbà ihò méjèèjì pọ̀, méjìdínlógún ló máa ń jẹ́. Ìkìíní, ìkẹsàn-án, ìkẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún nìkan ló ní tiwọn. Nítorí náà, o lè dé orí gíríìnì kí ihò ṣì jìnnà sí ọ ní ogójì ìṣísẹ̀. Lọ fi ọjọ́ díẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń ti bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn kí o tó lọ. Ìyẹn á wúlò fún ọ ju kí o máa gbá a jìnnà lọ.

Bí kèké ò bá mú ọ ńkọ́? Má banú jẹ́ rárá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Old Course níbẹ̀ ni New Course wà, tí Tom Morris àgbà ṣe, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1895. Wọ́n ń pè é ní tuntun títí dòní. Ilẹ̀ kan náà ni, afẹ́fẹ́ kan náà, yanrìn kan náà, owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti èkejì, ó sì ṣeé fowó sí sílẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ á gbádùn New ju Old lọ, nítorí pé ó ń fi ọ̀nà han èèyàn. Jubilee náà wà, Eden náà wà. Bí mo bá jẹ́ ìwọ, New ni màá gbá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, màá fi orúkọ sílẹ̀ fún Old lọ́jọ́ Ajé, bí kò bá sì bọ́ sí i, màá padà sórí New lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú èèyàn kì í sinmi, gbogbo nǹkan ló ń wò. Lọ́jọ́ kejì ló máa ń rántí pé apá òsì ihò kẹta ni koríko ti ga, àti pé afẹ́fẹ́ tó ń tì í lẹ́yìn nígbà tó ń lọ ni yóò máa lù ú lójú nígbà tó bá ń bọ̀. Ìgbà náà ni eré bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Wọn kì í gbá lórí Old Course lọ́jọ́ Àìkú, àfi ìgbà ìdíje ńlá bíi mélòó kan. Ilẹ̀ ń sinmi, gbogbo ìlú á jáde lọ rìn lórí rẹ̀, tajá-tẹran, tọmọdé-tàgbà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ náà ni kí o mú ìyàwó rẹ àti ọmọ wa lọ. Ẹ rìn ín láti ìkejìdínlógún wá sí ìkìíní. Ẹ wo inú àwọn bọ́ńkà wọ̀nyẹn, ẹ dúró lórí afárá òkúta Swilcan kí ẹ ya fọ́tò. Kí ìyá ọmọ wọ àdìrẹ Ìtọ́kú tó fẹ́ wọ̀ síbi ayẹyẹ, kí ayé lè mọ̀ pé Ẹ̀gbá dé ibẹ̀. Bí kèké ọjọ́ Ajé bá wá mú ọ, o ti mọ ilẹ̀ náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o mú lọ́kàn, nítorí mo gbọ́ nínú ohùn rẹ pé ẹ̀rù pápá wọ̀nyẹn ń bà ọ́ díẹ̀. Má bẹ̀rù. Àwa tí a kọ́ gọ́ọ̀fù nílẹ̀ yìí mọ nǹkan tí àwọn tó kọ́ ọ lórí koríko tútù Amẹ́ríkà ò mọ̀. Rántí búráùn tí a ń lò dípò gíríìnì. Yanrìn tí wọ́n fi epo ọkọ̀ tó ti jó pò, tí oòrùn á máa ràn lé, tí òórùn rẹ̀ á máa gbóná sókè. Kí o tó ti bọ́ọ̀lù, kádì á kọ́kọ́ wọ́ pákó pẹlẹbẹ láti ibi bọ́ọ̀lù rẹ dé ẹnu ihò, á ṣe ojú ọ̀nà náà geere. Rántí bí ilẹ̀ ṣe máa ń le nígbà ọyẹ́ tí koríko bá ti gbẹ: bí o bá gbá bọ́ọ̀lù sókè kó lè balẹ̀ sẹ́bàá ihò, á ta gbọ̀nńgbọ̀n, á sì fò kọjá. Kí la máa ń ṣe? A ó mú igi 7, a ó gbá a nílẹ̀, á máa yí gbirigbiri lọ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbá a létí òkun Scotland gan-an nìyẹn. Ilẹ̀ yanrìn ni, ó le, afẹ́fẹ́ ò sì ní jẹ́ kí ohun tó bá lọ sókè balẹ̀ síbi tí o fẹ́. Nǹkan tí bàbá kádì kan kọ́ wa nígbà tí a ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù sínú igbó, òun ni kí o fi gbá níbẹ̀.

Ẹ̀rí kan wà. Ìwọ náà mọ orúkọ Sandy Lyle, ọmọ Scotland tó gba ìdíje Open ní 1985, tó sì gba Masters ní 1988. Níbo ló ti kọ́kọ́ jáwé olúborí lẹ́yìn tó sọ gọ́ọ̀fù di iṣẹ́ ajé? Ìkòyí ni, nínú Èkó tiwa, nínú ìdíje Nigerian Open ọdún 1978, lórí búráùn. Ó gbá 61 lọ́jọ́ kìíní, ó gbá 63 lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ọdún ogún ni nígbà náà. Bí ará ibẹ̀ bá lè ti ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí ará Ìbarà ò ní lè gbá tirẹ̀ dáadáa lọ́dọ̀ wọn?

Ó kan Carnoustie. Pápá mẹ́ta ló wà níbẹ̀: Championship, Burnside àti Buddon. Championship ni èyí tí o kọ sínú ìwé rẹ, òun ni wọ́n ń lò fún Open. Ó gùn, ó le, kò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ ni Jean Van de Velde, ará Faransé, ti dúró sí ihò tó kẹ́yìn lọ́dún 1999 pẹ̀lú àmì mẹ́ta níwájú gbogbo èèyàn. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó sínú odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Barry Burn, ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọnú omi lọ wò ó. Méje ló fi parí ihò yẹn, Paul Lawrie ló sì gba ife náà lẹ́yìn àfikún ihò. Mo dúró létí odò náà. Ó wọ́ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ síwájú ihò kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, wọ́n mọ ògiri sí i lápá méjèèjì, omi rẹ̀ mọ́ débi pé mo ń rí bọ́ọ̀lù àwọn èèyàn nísàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí o gbá Burnside. Handicap rẹ àti tèmi ò yàtọ̀ púpọ̀, o sì mọ bí inú rẹ ṣe máa ń rí bí o bá ti sọ bọ́ọ̀lù mẹ́rin nù kí ihò kẹfà tó dé. Burnside wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ńlá yẹn gan-an, ilẹ̀ kan náà ni, owó rẹ̀ ò pọ̀ tó ti Championship rárá, wàá sì lè gbádùn ara rẹ. Bí o bá gbá a tán, lọ dúró sẹ́yìn gíríìnì ìkejìdínlógún ti Championship, kí o máa wo bí odò yẹn ṣe ń gba tọwọ́ àwọn èèyàn.

Ibì kan tún wà nítòsí ibẹ̀ tí kò sí nínú ìwé rẹ, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀: Panmure, ní abúlé Barry. Lọ́dún 1953, Ben Hogan tó ti gba Masters àti US Open ọdún náà wá sí Carnoustie fún Open, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó wá gbá a nígbà ayé rẹ̀ nìyẹn. Ó dé ní bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Kò rin ìrìn àjò kiri Scotland láti gbá èyí tó lórúkọ. Panmure ló lọ ń fi ṣe ìdánrawò, ó ń kọ́ bí ilẹ̀ etí òkun ṣe ń ṣe, ó sì ń kọ́ bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń lò ní Britain nígbà náà. Ó dábàá bọ́ńkà kan síwájú gíríìnì ihò kẹfà, wọ́n sì gbẹ́ ẹ, ó ṣì wà níbẹ̀. Ó wá gba ife náà. Ẹni tó mọ gọ́ọ̀fù tó Hogan fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ ilẹ̀ ibi kan ṣoṣo. Àwa wá fẹ́ fi ọjọ́ márùn-ún gbá pápá mẹ́wàá? Burnside tàbí Panmure lọ́jọ́bọ̀, èyí tó bá wù ọ́ nínú méjèèjì.

Ọjọ́ Ẹtì ńkọ́? Elie ni kí o lọ, dípò Kingsbarns. Kingsbarns lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún 2000 ni wọ́n ṣí i, owó rẹ̀ sì ju ti Old Course lọ. Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Gba bọ́ọ̀sì láti St Andrews, yóò gba àwọn ìlú apẹja kọjá lẹ́bàá òkun títí dé Elie. Òkè kan wà níwájú ihò kìíní níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí èèyàn rí àwọn tó wà níwájú. Ẹ̀rọ ìwòta gígùn tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ ogun abẹ́ omi kan, HMS Excalibur, ni wọ́n rì mọ́ inú ilé kékeré ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, òun ni ọ̀gá tó ń dá èèyàn lọ ń yọjú nínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ọ̀nà ti ṣí. Bèèrè kí ó jẹ́ kí o wò ó, inú wọn máa ń dùn láti fi hàn. Kò sí ihò par 5 kankan níbẹ̀. Méjì jẹ́ par 3, gbogbo yòókù par 4. Earlsferry, tó so mọ́ ìlú yẹn, ni wọ́n bí James Braid sí, tó gba Open lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín 1901 sí 1910. Bí o bá gbá a tán, jẹ ẹja díndín ní Anstruther bí o bá ń padà bọ̀. Wàá fẹ́ ata sí i, nítorí náà, mú tìrẹ dání.

Àwọn yòókù, Muirfield, North Berwick, Prestwick, ojú rere ni mo fi wò wọ́n. North Berwick pàápàá, bí o bá tún padà lọ lọ́jọ́ iwájú tí o sì dé sí Edinburgh, òun ni kí o kọ́kọ́ lọ, ọkọ̀ ojú irin á gbé ọ débẹ̀. Ti Muirfield, ọdún 2017 ni wọ́n tó dìbò pé kí obìnrin lè di ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Èmi tí mo bí obìnrin, mo ṣì ń rántí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrù. Má gbé igi gọ́ọ̀fù lọ. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn tìrẹ, ṣùgbọ́n ọmọ wa ti lo ọdún kan gbáko láìrí láfún gidi jẹ, ìyá rẹ̀ sì ti ń kó gààrí àti láfún jọ láti oṣù tó kọjá. Ìyàwó mi ti sọ fún mi. Àyè ẹrù yẹn, tiwọn ni. Wọ́n ń fi igi háyà ní St Andrews àti ní Carnoustie, igi gidi sì ni. Bàtà rẹ tí ó ti mọ ẹsẹ̀ rẹ, ìbọ̀wọ́, pọ́tà rẹ bí o bá lè fi sáàárín aṣọ, àti aṣọ òjò tó dára, ìyẹn tó. Oṣù kẹfà ni o, ṣùgbọ́n otútù afẹ́fẹ́ òkun ibẹ̀ á wọ ọ́ léegun. Wọ ẹ̀wù mẹ́ta léra, kí o lè máa bọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kádì ò ní í dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà bí ti ọ̀dọ̀ wa. Wàá bèèrè fún un ṣáájú ni, owó rẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti pápá. Lórí Old Course nìkan ni kí o gba kádì, nítorí ojú rẹ nìkan ò lè ka ilẹ̀ yẹn. Ní àwọn ibi yòókù, gba kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń fa àpò, kí o máa fà á lọ jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín níbẹ̀, torí náà, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ìsinsìnyí. Máa ti ilé rẹ rìn dé Kútọ̀ lówùúrọ̀, kí o sì rìn padà.

Nǹkan kan tó dùn mọ́ mi nípa oṣù kẹfà wọn: oòrùn kì í wọ̀ títí di bí aago mẹ́wàá alẹ́. Ọ̀pọ̀ pápá sì máa ń dín owó kù fún ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé o lè bá ìyàwó rẹ lọ sọ́jà láàárọ̀, kí ẹ jọ jẹun ọ̀sán, kí o tó gbé igi lọ ní aago mẹ́rin, kí o sì gbá ihò méjìdínlógún tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò ní sí ìjà kankan nílé. Jọ̀wọ́ má jẹ́ kí ìrìn àjò ọmọ yìí di ti gọ́ọ̀fù. Ọjọ́rú, tìrẹ kọ́ o. Ti ọmọ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe báyìí nìyí: pe àbúrò ìyàwó rẹ lálẹ́ yìí kí o mọ̀ bóyá á lè wá, kí o kọ̀wé bi New Course léèrè bóyá àyè wà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí o sì sọ fún mi bóyá Panmure ni àbí Burnside. Bó bá jẹ́ Panmure, kọ̀wé sí wọn ṣáájú, nítorí kílọ́ọ̀bù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni, àwọn ni wọ́n ń sọ ọjọ́ tí àlejò lè wá. Mo máa dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé kílọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé nípa ìwé handicap rẹ, màá sì gbé e wá fún ọ nílé. Kí ìyàwó rẹ ṣe ọbẹ̀ ilá sílẹ̀ dè mí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
ní Ìbarà.